Fèrèsé Kan Ti Tó: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Ojú Fèrèsé, àti Ìdí Tí A Fi Gbọ́dọ̀ Ya Àwọn Àgbà Wa Báyìí

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Láìpẹ́ yìí la sin ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa àgbà. Ẹ ó ti rí pósítà rẹ̀ lára ògiri ọjà àti lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: fọ́tò yẹn kò dáa. Láti inú fọ́tò ìgbéyàwó kan ni wọ́n ti gé e jáde. Gèlè ẹlòmíì ṣì wà létí ọ̀tún, fíláàṣì sì ti jẹ́ kí iwájú orí màmá máa kọ mànà bí àwo. Obìnrin tó fi ọdún tó ju ogójì ta aṣọ lọ́jà wa, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá, ohun tí a rí fi rántí rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo gbà pé òótọ́ lòwe náà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tí a ó fi gbẹ́ ère náà ńkọ́?

Ẹ rántí pé a ti fẹnu kò ní ìpàdé pé kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ya fọ́tò gbogbo àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ká fi ṣe ìwé fún Ọjọ́ Ìlú. Láti ìgbà yẹn, owó iná fọ́tò àti owó jẹnẹrétọ̀ là ń dúró dè. Èmi gan-an ni mo kọ lẹ́tà tí a fi tọrọ owó náà, ẹ má bá ẹlòmíì wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ń pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí fọ́tò yíyà ṣe bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí díẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé fèrèsé kan ti tó. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín.

Ojú fèrèsé ni fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀

Fọ́tò tó pẹ́ jù lọ tí kámẹ́rà yà, tó ṣì wà títí dòní, iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ni, Nicéphore Niépce. Ní ọdún 1826 tàbí 1827, ó gbé àpótí kámẹ́rà rẹ̀ sójú fèrèsé lókè ilé rẹ̀ ní abúlé Saint-Loup-de-Varennes. Inú àpótí náà ló fi irin pẹlẹbẹ kan tó fi ọ̀dà dúdú pa sí. Ó ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Oòrùn ti rin ìrìn rẹ̀ kọjá lójú ọ̀run kí àwòrán tó jáde, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi hàn lára ògiri apá ọ̀tún àti ti apá òsì nínú àwòrán kan náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1835, William Henry Fox Talbot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kámẹ́rà kékeré kan sínú ilé rẹ̀, Lacock Abbey, ó sì dojú rẹ̀ kọ fèrèsé onígíláàsì wẹ́wẹ́. Àwòrán tó jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Talbot fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ ṣe é, èèyàn lè fi awò ka gíláàsì inú rẹ̀, ó tó nǹkan bí igba.

Ẹ wò ó dáadáa. Ti Niépce, láti ojú fèrèsé ló ti wo ìta. Ti Talbot, fèrèsé náà gan-an ló wò.

Nígbà tí Louis Daguerre fi ọgbọ́n tirẹ̀ han aráyé ní Paris lọ́dún 1839, kò pẹ́ táwọn èèyàn fi ní kí wọ́n wá ya ojú àwọn náà. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná nílé ẹnì kankan nígbà náà. Oòrùn nìkan ni iná. Nígbà tí Richard Beard ṣí ilé fọ́tò sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1841, òkè téńté ilé kan ló lọ, ó sì fi gíláàsì aláwọ̀ aró ṣe òrùlé rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà gún oníbàárà lójú. Irin tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ló mọ̀ jù, nítorí náà gíláàsì yẹn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á tún fi irin kan gbé orí oníbàárà dúró látẹ̀yìn kí ó má baà mì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi wá pé kí ló dé táwọn èèyàn àtijọ́ kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ara ìdáhùn nìyẹn. Ta ló máa fi irin sẹ́yìn orí rẹ́rìn-ín?

Kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ló kọ́kọ́ mọ àṣírí fèrèsé. Àwọn tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Johannes Vermeer, ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Holland ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, fèrèsé apá òsì ló ń tanná sí ọ̀pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Rembrandt náà, ọmọ ilẹ̀ kan náà, fẹ́ràn kí ìmọ́lẹ̀ bà sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà lábẹ́ òjìji. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ làwọn oníṣẹ́ fọ́tò fi ń pe irú ìmọ́lẹ̀ kan, èyí tó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ ẹyinjú tó wà lápá òkùnkùn.

Ìyá onílé adìyẹ

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni Julia Margaret Cameron. Ẹni ọdún 48 ni, ó ti bímọ, ó ti tọ́ wọn, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà fi kámẹ́rà ta á lọ́rẹ ní ìparí ọdún 1863. Ìlú Freshwater ló ń gbé, ní erékùṣù Isle of Wight ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní sítúdíò. Ilé tí wọ́n ń kó èédú sí ló sọ di yàrá òkùnkùn tó fi ń fọ fọ́tò. Ilé adìyẹ onígíláàsì ló sọ di ibi tó ti ń ya àwọn èèyàn. Àwọn adìyẹ bá tiwọn lọ.

Ohun tó ṣe kì í ṣe nǹkan ńlá. Aṣọ ló fi ń dí ìmọ́lẹ̀, tó sì ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó wọlé láti ibi tó bá fẹ́. Ẹni tó bá ń yà á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lọ́dún 1867, ó lọ bá John Herschel, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ ojú ọ̀run, nílé, ó sì yà á. Ojú bàbá náà yọ láti inú òkùnkùn, irun funfun rẹ̀ ń tàn, gbogbo ìhunjọ ara rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn kan bú u nígbà náà pé fọ́tò rẹ̀ kò mọ́ rekete. Ibi ìpamọ́ V&A ní Lọ́ńdọ̀nù ti ra iṣẹ́ rẹ̀ láti 1865, wọ́n sì ṣì ń fi hàn aráyé. Ilé adìyẹ ni o!

Ọmọba Ẹ̀gbádò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ lè ní kí ló kan àwa nínú ti òyìnbó. Ó kàn wá. Ní 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, obìnrin Yorùbá kan wọ ilé fọ́tò Camille Silvy ní àdúgbò Bayswater ní Lọ́ńdọ̀nù. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n ń pè é. Àìná la gbọ́ pé orúkọ àbísọ rẹ̀. Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí, ni ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ló pa àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n sì kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́dún 1850, ọba Dàhọ̀mì fi í fún ọ̀gákọ̀ kan, Frederick Forbes, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin Victoria. Ní oṣù kẹjọ 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ní ìlú Brighton. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ya fọ́tò.

Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni Silvy fi yà wọ́n, bí gbogbo ilé fọ́tò ìgbà yẹn ṣe ń ṣe. Aṣọ tó fẹ̀ bí agboòrùn ni ìyàwó wọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sá. Ọdún 1880 ló kú ní erékùṣù Madeira. Lónìí, ó ju ọgọ́jọ ọdún lọ tí wọ́n ti ya fọ́tò náà, a sì ṣì lè wo ojú rẹ̀ ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ro ó wò: mélòó nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú pẹ̀lú rẹ̀ la mọ ojú wọn? Ohun tó ya ojú tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó tì í lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, N. Walwin Holm tó wá láti Gold Coast ti ń ya fọ́tò l'Ékòó. George Da Costa náà fi iṣẹ́ ilé ìtàwé CMS sílẹ̀, ó di oníṣẹ́ fọ́tò. Láti Èkó ni ọgbọ́n náà ti ń wọ àárín ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri pálọ̀ nínú agbo ilé yín, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ jẹ́ ti iwájú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ìyá àgbà ti bá mi jà

Báyìí o, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí tán, mo lọ gbé ìyá bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá wọn, mo pa kọ́tìnnì fèrèsé kejì dé, mo sì fi fóònù yà wọ́n. Ìdajì ojú ń tàn, ìdajì ṣú biribiri. Lójú mi, Rembrandt ti dé ìlú wa! Mo fi han ìyá àgbà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní: “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o fi ojú mi kan pamọ́? Ṣé mo jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ni?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka nǹkan tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́dún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé fọ́tò àgbà láàárín wa ní ìlànà tirẹ̀: àgbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gbagada, aṣọ iyì lọ́rùn, ọwọ́ lórí itan, gbogbo ara á hàn. Ó so ó mọ́ ohun tí Robert Farris Thompson ti gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń díwọ̀n iṣẹ́ ère. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni jíjọra: kí ère jọ èèyàn, kó má jọ ọ́ jù. Òmíràn ni ìfarahàn: kí ojú, imú, etí, ìlà, kí gbogbo rẹ̀ hàn kedere.

Ìyá àgbà ò kàwé nípa ìfarahàn rí, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi bá mi wí. Òjìji tí Rembrandt fẹ́ràn, lójú wọn, ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo fi nǹkan wọn pamọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì fi ojú kan pamọ́ ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì.

Ṣé ká wá pa fèrèsé tì? Rárá o. Mo padà lọ bẹ ìyá àgbà. Mo yí àga wọn díẹ̀ kí ojú wọn tún súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, mo sì ní kí àbúrò mi na aṣọ funfun kan sí apá tó ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lu aṣọ náà, ó padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Òjìji ò lọ tán, ó kàn rọ̀. Ojú méjèèjì yọ, etí yọ, pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn sì yọ ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Ìyá àgbà ní: “Ẹ̀hẹ́n. Èmi nìyí.” Fọ́tò yẹn ti wà lára ògiri báyìí.

Ìdí tó fi yẹ awọ ara wa

Ẹ fetí sí ibí yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Fíláàṣì fóònù, ọ̀ọ́kán ló ti ń wá. Ó máa ń pa gbogbo òjìji kéékèèké ojú rẹ́, ojú á wá pẹlẹbẹ. Bí òógùn tàbí ìpara bá wà lójú, á máa dán. Ìlà ojú jẹ́ kòtò àti òkè kéékèèké. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wá nìkan ló lè fi kòtò àti òkè hàn. Ẹni tó bá fi fíláàṣì ya àgbà tó kọ àbàjà, ó ti fọ́ àbàjà náà nù nìyẹn.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe àwa ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí ojú obìnrin òyìnbó wà lára rẹ̀ ni àwọn ilé ìfọ-fọ́tò fi ń díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí ojú Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Ojú àwa aláwọ̀ dúdú á kàn ṣú sínú fọ́tò. Fèrèsé ò ní Shirley. Awọ dúdú máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà níbi tó bá ti ga, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ bá rọra gba ẹ̀gbẹ́ wá, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti afárá imú á yọ dáadáa.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń ní kí ẹ lo fèrèsé apá àríwá, torí pé ní ilẹ̀ wọn, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé láti apá yẹn. Ẹ má tẹ̀ lé wọn ní tààrà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Tiwa rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: láàárọ̀, ẹ lo fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lo èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni ẹ fẹ́, kì í ṣe oòrùn tó ń jóni. Bí oòrùn bá wọlé tààrà, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ ti bá yín ṣe é, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ pa gílóòbù yàrá, torí àwọ̀ iná rẹ̀ á bá ti ọjọ́ jà. Ẹ ti fèrèsé tó kù. Ẹ gbé àga súnmọ́ fèrèsé, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá ti ń sún un sẹ́yìn ni ìmọ́lẹ̀ ń dín, tí òkùnkùn ẹ̀yìn sì ń bá ojú dọ́gba. Kí àgbà kọjú díẹ̀ sí fèrèsé, kí ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń tàn kékeré nínú ẹyinjú méjèèjì. Bí kò bá sí ìtànná yẹn nínú ẹyinjú, fọ́tò á dà bí ti ẹni tó ń sùn. Ẹ na aṣọ funfun sí apá kejì. Lórí fóònù, ẹ fọwọ́ kan ojú wọn kí ó tó yà, kí ó lè mọ̀ pé ojú ni kó wò, kì í ṣe ògiri. Ẹ fi fóònù ti nǹkan, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Pàtàkì jù, ẹ fi han àgbà náà, kí ẹ sì bi wọ́n: “Ẹ̀yin nìyí, mà? Ẹ̀yin nìyí, sà?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ tún un yà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó jẹnẹrétọ̀ yẹn tún ojú ọ̀nà ọjà ṣe. A ò nílò rẹ̀ mọ́. Ohun tí a nílò ni ọ̀dọ́ kan láti inú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, fóònù kan, àga kan, aṣọ funfun kan àti fèrèsé kan. Kí ẹni náà gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà kó tó yà wọ́n. Kí ó kọ orúkọ, oríkì, agbo ilé àti ọjọ́ tí ó yà á sílẹ̀, torí fọ́tò tí kò lórúkọ, bí ọgbọ̀n ọdún bá kọjá, fọ́tò àjèjì ni.

Àwọn kan ní àwòrán ni ohun tí a ń wò láti fi rántí. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ lẹ́tà owó iná yẹn títí di òní, àgbà mẹ́ta tó wà nínú ìwé orúkọ wa ti lọ, a ò yà wọ́n. Fèrèsé wà nílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ojoojúmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, tí ó sì ń jáde lọ láìmú nǹkan kan. Mo wà níbẹ̀ nígbà kan tí ọ̀kan nínú wọn jókòó sójú fèrèsé tó ń ṣa ẹ̀wà, fóònù mi sì wà lápò.

Ẹ má jẹ́ ká tún dúró de owó mọ́. Ẹ lọ bá àgbà ilé yín lọ́la ní ìdájí, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí fún wa.